Bọ́tìnì Tí Ó Ń Bú Ènìyàn

Ẹni tí ó bá jókòó níwájú kọ̀ǹpútà yóò rí àwọn àwòrán kéékèèké tí a fi ń pàṣẹ fún un: bọ́tìnì tí a ń tẹ̀, àpótí tí a ń kọ̀wé sí, àti irú wọn mìíràn. Àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kì í tún wọn yà nígbà gbogbo. A ti ṣe wọ́n sílẹ̀ sínú ohun tí a lè pè ní àpò irinṣẹ́, bí àpò káfíńtà; ẹni tí ó bá ń kọ ètò yóò kàn mú èyí tí ó nílò ni. Nítorí náà, àbùkù kan ṣoṣo lára bọ́tìnì kan lè di àbùkù ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò.

Bọ́tìnì kò rọrùn í ṣe bí ojú ti rí i. Ó gbọ́dọ̀ yí àwọ̀ padà nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Bí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ bá sì yí ọkàn padà, tí ó wọ́ ọfà kúrò lórí rẹ̀ kí ó tó gbé ìka sókè, kò gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun. Èyí ni ẹni tí ó ṣe é lè dán wò fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òun nìkan kò lè dán wò, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lójú jù.

Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ Apple, ní Kalifọ́níà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi pe àwọn ènìyàn wá lo kọ̀ǹpútà Lisa kí ó tó gbé e jáde fún títà ní ọdún 1983. Àpótí kékeré kan a máa yọ lójú ẹ̀rọ náà láti bèèrè bóyá kí iṣẹ́ máa bá a lọ. Bọ́tìnì méjì ni ó wà nínú rẹ̀: ọ̀kan wí pé “Do It”, èyíinì ni “Ṣe é”, èkejì wí pé “Cancel”, èyíinì ni “Fagi lé e”. Àwọn tí ń ṣọ́ wọn rí i pé àwọn kan a máa ṣiyèméjì níbẹ̀, wọn a sì tẹ “Cancel” nígbà tí ó yẹ kí wọ́n tẹ “Do It”. Ọ̀ràn náà rú wọn lójú. Nígbẹ̀yìn, wọ́n bi ọ̀kan tí inú ń bí léèrè. Èsì rẹ̀ ni pé òun kì í ṣe òmùgọ̀. Kí ló dé tí ẹ̀rọ fi ń bú òun?

Wọ́n tún bọ́tìnì náà wò. Àlàfo àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì kéré jù, lẹ́tà ńlá “I” kò sì yàtọ̀ sí lẹ́tà kékeré “l” nínú irú ìkọ̀wé tí wọ́n lò. “Dolt” ni àlejò kà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí òmùgọ̀! Àwọn tí ó kọ ọ́ kò rí èébú náà, nítorí wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n kọ.

Wọ́n pa á rẹ́, wọ́n fi “OK” rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ̀ sílẹ̀ nítorí pé ó dún bí ọ̀rọ̀ ìgboro. “OK” náà ni ó wà lójú Macintosh tí Apple gbé jáde ní ọdún 1984, a sì ń tẹ̀ ẹ́ títí di òní.