Tòkè La Kọ́kọ́ Ń Gbé

Bí igi bá wó lu igi, tòkè la kọ́kọ́ ń gbé. Inú igbó ni òwe yìí ti wá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí ló yẹ kó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ jù.

Àwọn àgbà tún ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ ẹ́ fò láìfara kanra. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹyẹ ni wọ́n ń sọ. Orí àkàsọ̀ ni òṣìṣẹ́ wà ní tirẹ̀, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì, orí ẹni ìsàlẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan gìgísẹ̀ ẹni òkè. Ibẹ̀ ni ìlara ti ń wọlé.

Ẹ jẹ́ ká ka àkàsọ̀ náà wò. Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, ìpele 8 ni ẹni tó gboyè yunifásítì sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ó kéré tán, yóò lo ọdún 3 lórí ìpele kọ̀ọ̀kan títí dé 14, kó tó bọ́ sí 15. Láti ibẹ̀, ó di ọdún 4 lórí ìpele kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dé 17, ipò olùdarí. Kò tilẹ̀ sí ìpele 11 níbẹ̀. Láti 10, 12 ni à ń tẹ̀. Ẹni tó bá yege gbogbo ìdánwò ìgbéga, tí àyè sì ń ṣí sílẹ̀ fún un nígbà gbogbo, ọdún 26 ni yóò fi dókè. Ó sì di dandan kó fẹ̀yìn tì bó bá pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, tàbí ọdún 60 láyé, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Kò sí bí a ṣe lè ti ara wa tó tí ọdún wọ̀nyí yóò fi dín.

Ní ọ́fíìsì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ ìwé ẹ̀sùn mọ́ ọ̀gá rẹ̀ láìfi orúkọ sí i, kí wọ́n lè lé ọ̀gá náà, kí àyè ṣí. Ìgbìmọ̀ jókòó. Òṣìṣẹ́ tí ẹjọ́ bá wà lọ́rùn rẹ̀, wọn kì í gbé e ga, nítorí náà ọ̀gá náà dúró lójú kan. Bó ti dúró ni àga rẹ̀ náà dúró, àwa tí a wà lẹ́yìn rẹ̀ sì jọ dúró, àtẹni tó kọ ìwé àtẹni tí kò mọ nǹkan kan. Nígbẹ̀yìn, wọn kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́wọ́ ọ̀gá náà. Ta ni yóò wá dá ọdún tó ti lọ padà fún wa? Ó ń dùn mí títí dòní.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ gòkè, ran ẹni tó wà lókè rẹ lọ́wọ́ kó tètè kọjá. Ṣe iṣẹ́ tí yóò fi yege. Bí àyè kò bá tètè ṣí, rántí pé ọ̀nà kan ò wọjà: àwọn kan ti fi ìwé ẹ̀rí ìṣirò owó kúrò ní ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn. Ka ìwé òfin iṣẹ́ ìjọba àti ìwé òfin ìnáwó kí ìdánwò tó kù sí dẹ̀dẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, mójú tó fáìlì rẹ. Mo ti rí òṣìṣẹ́ rere tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sílẹ̀ nítorí pé fọ́ọ̀mù APER, èyí tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún, ti ọdún kan péré kò sí nínú fáìlì rẹ̀.

Ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀: bó ti wù ká gòkè tó, a óò fẹ̀yìn tì. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ máa dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ pa mọ́, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìdá 10 kún un. Máa wò ó bóyá wọ́n ń san án.

Ìwọ tí o wà ní ìpele 8 lónìí, jọ̀wọ́, lọ béèrè fáìlì rẹ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ọdún yín ń tán lọ, ẹ fi iṣẹ́ náà han ọmọ tó wà lẹ́yìn yín kí ẹ tó lọ.