Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Fi Ọ̀wọ́ Ọjà Lọ́lẹ̀ ní Ilé-iṣẹ́ Ńlá

Ọ̀wọ́ ọjà ni àwọn ọjà sọ́fítíwíà tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà: ohun tó pa wọ́n pọ̀ ju ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ. Ẹni tó ń ṣe wọ́n kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan látilẹ̀. Ohun tó bá gbogbo wọn mu ni yóò fi ṣe ìpìlẹ̀, kó tó fi ti oníbàárà kọ̀ọ̀kan kún un. Àìsí àkóso tó múná ló sábà ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́, kì í ṣe àìmọ kódù ú kọ.

Àṣẹ ọ̀gá ló ṣáájú. Ní ọdún 1993, iṣẹ́ mẹ́fà lórí sọ́fítíwíà tó ń darí ẹ́ńjìnnì ń lọ lọ́wọ́ ní ilé-iṣẹ́ Cummins, ní Amẹ́ríkà. Méjìlá mìíràn tún ń bọ̀. Àwọn alákòóso dá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró kí ìpìlẹ̀ kan lè kọ́kọ́ jáde. Kíkó sọ́fítíwíà jọ fún ẹ́ńjìnnì kan, tó ń gbà tó iṣẹ́ oṣù 250 fún ẹnì kan, wá di ti oṣù mélòó kan. Ẹni tí kò ní irú àtìlẹ́yìn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dáwọ́ lé ọ̀wọ́ ọjà.

Lẹ́yìn èyí, kí ó pààlà: ọjà wo ló wà nínú ọ̀wọ́, èwo ni kò sí níbẹ̀? Kí ó sì tètè mọ ibi tí ìyàtọ̀ yóò ti wáyé. Bí ẹ́ńjìnnì kan bá ní sìlíńdà mẹ́rin, tí òmíràn ní méjìdínlógún, iye sìlíńdà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a kàn ń yàn. Kò yẹ kó di kódù tí a ń tún kọ.

Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ayé kì í sábà lólùtọ́jú. Nítorí náà, kí ìpìlẹ̀ ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀ àti owó tí ẹnikẹ́ni kò lè yá lò. Ewu kan tún wà: ẹ̀ka tí ọjọ́ ìfijíṣẹ́ ń lé lè ṣe ẹ̀dà ìpìlẹ̀, kó yí ìlà kódù mẹ́wàá padà, kó sì fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tí a bá rí àléébù nínú ìpìlẹ̀ tí a sì tún un ṣe, àtúnṣe náà kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ìyípadà bá pọn dandan, kí wọ́n béèrè pé kí a ṣe é nínú ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Sùúrù ṣe pàtàkì, nítorí owó ń jáde kí èrè tó wọlé. Ilé-iṣẹ́ tí a wá mọ̀ sí CelsiusTech, ní Sweden, fi ọ̀wọ́ kan ṣe sọ́fítíwíà ọkọ̀ ojú omi ológun fún Sweden àti Denmark. Tẹ́lẹ̀, sọ́fítíwíà ń kó 65 nínú 100 owó iṣẹ́. Nígbà tó yá, ó di 20. Bí ọjà tuntun bá ń ti inú ìpìlẹ̀ jáde, tí àtúnṣe kan sì ń dé ara gbogbo ọjà, iṣẹ́ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.