"Kò lè ṣẹlẹ̀" àti "Ó lè má ṣẹlẹ̀": Ẹ̀kọ́ kan láti L'Aquila

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, ẹ wo gbólóhùn méjì yìí:

(1) Kò lè ṣẹlẹ̀.
(2) Ó lè má ṣẹlẹ̀.

Gbogbo wa la mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú (1), atọ́ka ìyísódì "kò" ló ṣáájú "lè", ó sì pa á: ọ̀nà ti dí. Nínú (2), "lè" ló ṣáájú, "má" tẹ̀lé e: ọ̀nà ṣì là síhà méjèèjì. Ọmọ kékeré ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ kò ní ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Síbẹ̀, ní ìlú kan ní Ítálì ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ sọ ohun tó jọ (2), (1) ló sì dé etí ìlú.

L'Aquila ni ìlú náà, láàárín àwọn òkè. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn ni ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń mì díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin kan, Giampaolo Giuliani, òṣìṣẹ́ ní ilé ìwádìí kan, ń sọ pé gáàsì radon tó ń jáde láti inú ilẹ̀ lè fi hàn pé ìmìtìtì ń bọ̀. Àwọn onímọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń ba ará ìlú. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń rí sí àwọn ewu ńlá wá ṣe ìpàdé bíi wákàtí kan níbẹ̀. Enzo Boschi, olórí ilé-iṣẹ́ INGV tó ń ṣọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ ní Ítálì nígbà náà, sọ pé kò jọ pé irú èyí tó wáyé lọ́dún 1703 yóò tún wáyé láìpẹ́, ṣùgbọ́n pé a kò lè yọ ọ́ kúrò pátápátá. Gbólóhùn (2) gan-an nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ìpàdé náà tó bẹ̀rẹ̀, Bernardo De Bernardinis, igbákejì olórí àjọ ààbò ará ìlú, ti bá oníròyìn tẹlifísọ̀n sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn onímọ̀ sọ fún òun pé kò séwu, nítorí pé agbára inú ilẹ̀ ń tú jáde díẹ̀díẹ̀. Oníròyìn náà bi í bóyá kí àwọn kúkú máa mu wáìnì tàwọn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tilẹ̀ dárúkọ irú wáìnì tí wọn yóò mu.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí "agbára ń tú jáde" yìí. Àfiwé ni: ilẹ̀ di ìkòkò tó ń hó, tí a ṣí ìdérí rẹ̀ díẹ̀ kí ó má baà ru dànù. Ó dùn létí, ó sì jọ òótọ́. Ìṣirò kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ìwọ̀n ìmìtìtì bá fi ẹyọ kan ga sí i, agbára rẹ̀ á di bí ìlọ́po 32. Nítorí náà, kí agbára ìmìtìtì ìwọ̀n 6 tó tú jáde nípasẹ̀ àwọn oníwọ̀n 4, yóò gbà tó 1,000 wọn. Lójú tèmi, àfiwé yìí ló ba nǹkan jẹ́ ju "kò séwu" fúnra rẹ̀ lọ, nítorí òun ló fún un ní ìdí.

Àṣà àwọn ará ibẹ̀ ni pé bí ilẹ̀ bá mì lóru, wọn á jáde lọ sùn síta. Ilẹ̀ mì lẹ́ẹ̀mejì lóru ọjọ́ 5 mọ́ ọjọ́ 6 oṣù kẹrin. Àwọn ìdílé kan sọ ní kóòtù lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ tí àwọn gbọ́ ló mú kí àwọn èèyàn àwọn dúró sílé. Ní agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 32, ìmìtìtì ìwọ̀n 6.3 dé. Èèyàn 309 ló kú.

Àwọn onímọ̀ tó lé ní 5,000 kọ ọwọ́ sí ìwé pé kò sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ ìmìtìtì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn náà kọ́ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe wo ewu náà àti bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún ìlú ni adájọ́ tìtorí rẹ̀ rán àwọn méje lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́fà mẹ́fà ní 2012. Ní 2014, kóòtù kejì dá àwọn onímọ̀ mẹ́fà sílẹ̀, ó sì dín ti De Bernardinis kù sí ọdún méjì. Ilé ẹjọ́ tó ga jù fi òǹtẹ̀ lù ú ní 2015.

Láàárín àwọn onímọ̀ fúnra wọn, ohùn kò ṣọ̀kan. Ìgbìmọ̀ àgbáyé kan tí Thomas Jordan darí gbé àbọ̀ jáde ní 2011 pé kí a máa sọ ìṣirò ewu fún ìlú déédéé, àní nígbà tí ara ilẹ̀ bá balẹ̀, kí etí lè mọ̀ ọ́n. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé kí ni ará ìlú fẹ́ fi iye kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe? Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí: bí ilẹ̀ bá ń mì léraléra, ó ṣeé ṣe kí ewu ìmìtìtì ńlá fún ọjọ́ kan di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, kó má sì tíì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Òótọ́ ni méjèèjì. Ọ̀kan ń dẹ́rù bani, èkejì ń tuni lára. Ní New Zealand, lẹ́yìn ìmìtìtì Kaikōura ti 2016, àjọ GeoNet kọ onírúurú ohun tó lè tẹ̀lé e sílẹ̀, wọ́n sì fi iye ti ìkọ̀ọ̀kan lẹ́yìn.

Tiwa ńkọ́? Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé "àsọtẹ́lẹ̀" nìkan la ní lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ ya sísọ ọjọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ṣíṣe ìṣirò. Wòlíì àti babaláwo ló wà nínú "àsọtẹ́lẹ̀" wa. Mo dábàá "ìṣirò ohun tó lè wáyé" fún èkejì. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.

Ìṣòro kejì ni èyí:

(3) Kò jọ pé yóò ṣẹlẹ̀.
(4) Ó jọ pé kò ní ṣẹlẹ̀.

Mo ní kí àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta túmọ̀ gbólóhùn Faransé tó ní ohun kan kò fi bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lo (3). Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè ohun tí (3) wí, (4) ni wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀. "Kò" fo "jọ pé" kọjá, ó lọ bà lé ọ̀rọ̀-ìṣe ìsàlẹ̀, bó ti ń ṣe nínú "n kò rò pé yóò wá". Ọ̀rọ̀ Boschi lókè, (3) ni mo fi túmọ̀ rẹ̀. Ẹ padà lọ wò ó, kí ẹ sì bá mi wá gbólóhùn mìíràn tí "kò" rẹ̀ kò ní fò.