Ọ̀kẹ́ Kan: Kí ni Ó Wà Nínú 20,000?

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni mílíọ̀nù kan. Ṣùgbọ́n bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè pé kí ni ọ̀kẹ́ kan, yóò ní 20,000, yóò sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ inú iye náà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àpò ni ọ̀kẹ́. Láyé owó ẹyọ, àpò tí ó gba 20,000 ẹyọ ni a fi sọ iye náà lórúkọ. Orúkọ rẹ̀ kejì ni ẹgbàáwàá, èyí ni ẹgbàá (2,000) lọ́nà mẹ́wàá. Ní 1887, Àlùfáà Adolphus Mann ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ka owó náà: wọn a tú u dà sílẹ̀, wọn a máa fà á ní márùn-ún márùn-ún títí yóò fi di ogún, okìtì ogún márùn-ún a di ọgọ́rùn-ún, méjì irú rẹ̀ a di igba. Igba mẹ́wàá ni ẹgbàá. Nítorí náà:

5 × 4 × 5 × 2 × 10 × 10 = 20,000

Ẹ tú u palẹ̀ dé ìdí, kò sí ohun tí ẹ óo rí níbẹ̀ bí kò ṣe 2 àti 5: 2⁵ × 5⁴. Bí a ṣe fi ọwọ́ kà á ni ó ṣe wà nínú ìṣirò títí di òní! Ẹ jẹ́ kí a pe nọ́ńbà tí ó bá pín in láìṣẹ́kù ní apín. Apín ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ọgbọ̀n gééré, nítorí pé 6 × 5 = 30. 20, 40, 50, 200 àti 2,000 wà nínú wọn, àwọn ibùdó òǹkà wa gan-an. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn sì ni ẹgbàá.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò a tún máa ro gbogbo apín nọ́ńbà pọ̀, láìka òun fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Ti 6 bá a dọ́gba: 1 + 2 + 3. Ti 10 kò tó o: 1 + 2 + 5 jẹ́ 8. Ti ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 29,203, ó kọjá rẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, bí ẹni mẹ́ta bá fẹ́ pín in lọ́gbọọgba, 6,666 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, méjì a sì ṣẹ́kù tí wọn óo máa jà sí. Kò sí nọ́ńbà odidi tí a lè fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ dìpúpọ̀ kí ó jẹ́ 20,000, ṣùgbọ́n 100² + 100² jẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni 140² + 20².

Lónìí, ní ọjà Ìkẹ́rẹ́, “tuẹ́ńtì táúsàn” ni ẹ óo gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ó di ìdì owó igba náírà kan mú. Ọgọ́rùn-ún bébà ni ó wà nínú ìdì náà: ọ̀kẹ́ kan géérégé ni. Ìdì ẹgbẹ̀rún náírà jẹ́ ọ̀kẹ́ márùn-ún. Àpò ti lọ, iye rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa, orúkọ rẹ̀ nìkan ni a ń gbàgbé.

Èmi kò gbà pé òǹkà Yorùbá le. Orúkọ ni a ń kọ́ ọmọ há sórí kí a tó fi ọ̀kẹ́ hàn án. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ fi ọ̀kẹ́ kan lélẹ̀ ná, kí ẹ yọ ẹgbẹ̀rún kan níbẹ̀: ó di ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáwàá, 19,000. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ 17,000.