Kí Ẹ Tó Gun Kẹ̀kẹ́ Inú Ilé

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, inú mi dùn pé ẹ fẹ́ lọ gun kẹ̀kẹ́ inú ilé. Ta ló fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lójú títì Òṣòdì sí Àpápá, láàárín dánfó àti ọkọ̀ àjàgbé? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀.

Ẹ tètè dé kíláàsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí olùkọ́ bá yín tún ìjókòó ṣe. Kí gíga ìjókòó bá egungun ìbàdí yín dọ́gba. Tí ẹsẹ̀ bá dé ìsàlẹ̀, kí orúnkún ṣì tẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí kì í dúró lójijì. Irin wúwo kan ṣì ń yí, pẹ́dàlì á sì máa gbé ẹsẹ̀ yín lọ. Ẹ béèrè ibi tí bíréèkì wà kí ẹ tó gùn ún.

Ìdíje ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ má wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Iṣan tí kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí lè bàjẹ́, kí ohun tó jáde lára rẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, kó sì pa kíndìnrín lára. Bí itan bá wú lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, tó ń dùn yín gan-an, tí ìtọ̀ sì dúdú bí Coca-Cola, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má jókòó ti àgbo. Ewu yìí pọ̀ sí i fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS. Ẹni tó bá jẹ́ SS, tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sanwó.