Kí Ni Ó Ń Mú Iṣẹ́ Ọnà Wu Ojú?

Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú wa, àti ẹ̀yin òbí, ẹ̀kọ́ wa lórí ẹwà ni. Kí ló dé tí a fi ń kọjá lára àwòrán kan láì wò ó, tí òmíràn sì ń dá wa dúró? Ọ̀pọ̀ yóò ní àwọ̀ ni, tàbí owó tí wọ́n ná sí i. Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí àtijọ́ wò ó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkíní ni Ibn al-Haytham, ọmọ Basra, tí a bí ní nǹkan bí ọdún 965. Nínú Kitab al-Manazir, ó ṣàlàyé pé ìmọ́lẹ̀ lè mú nǹkan lẹ́wà, bí ó ti rí lára òṣùpá. Àwọ̀ náà lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ó tẹnu mọ́ ìbáramu ẹ̀yà kan pẹ̀lú èkejì. Òun kan náà ló ṣàyẹ̀wò bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe ń gba ojú ihò kékeré wọlé, tí ó ń gbé àwòrán oòrùn kalẹ̀ nígbà tí òṣùpá bá bò ó. Irú ìlànà yìí ni kámẹ́rà ń lò.

Ìkejì ni Imam al-Ghazali, tí ó kú ní 1111. Ó ní ẹwà ohun kọ̀ọ̀kan ni kí gbogbo ohun tó yẹ ẹ́ pé sí i lára. Ohun tó yẹ ẹṣin kò yẹ ènìyàn. Ẹ wo wàláà yín: dídú tàdáwà nìkan kọ́ ló ń mú un wu àáfà, bí kò ṣe pé alif dúró ṣánṣán, lẹ́tà kò gun ara wọn, ìlà kò sì wọ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wo Mọ́sáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, ní Erékùṣù Èkó wa níbí, tí wọ́n ṣí ní 1894. Ọnà àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé hàn lára rẹ̀, síbẹ̀ ohun tó yẹ mọ́sáláṣí kò dín níbẹ̀.

Fọ́tò tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Roland Barthes, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàlàyé ní 1980 pé fọ́tò jẹ́ ẹ̀rí pé ohun náà wà níwájú ẹ̀rọ rí. Ẹ ronú kan ilé Àgùdà tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar, ní Tinubu Square. 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Ó di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Wọ́n wó o ní September 2016. Fọ́tò rẹ̀ tí ènìyàn lè fojú fò tẹ́lẹ̀ ń dá ni dúró báyìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ bá gba fóònù òbí yín láti ya ilé àwọn àgbà ní Ìdúmàgbò, ẹ dúró de ìmọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé hàn pé. Ẹ má fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un, nítorí ẹlẹ́rìí ni yín. Ẹ tètè yà á kí ilé náà tó lọ.

Ìbéèrè: (1) Kí ni al-Ghazali pè ní ẹwà? (2) Ilé wo ní àdúgbò yín ló yẹ kí á yà? Kí nìdí?