Kí Ọkọ̀ Má Baà Há Lójú Ọ̀nà Oko: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Táyà Ńlá, Kí Ẹ sì Gbé Píkọ́ọ̀pù Sókè Pẹ̀lú Owó Díẹ̀

 

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Agbọ̀n tòmátì ti kún ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, oníbàárà ń dúró lọ́jà, òjò àná sì ti sọ ojú ọ̀nà oko di àbàtà. Táyà ń yí lójú kan, ọkọ̀ kò lọ. Kí wọ́n tó fi tirakítọ̀ fà á jáde, oòrùn ti mú tòmátì, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Yálà tòmátì lẹ ń kó jáde ní àgbègbè Gboko, tàbí iṣu lẹ ń kó lọ sí ọjà Zaki Biam ní ìpínlẹ̀ Benue, tàbí ìrẹsì fàdámà ní ìpínlẹ̀ Niger, ìyà kan náà ni.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ń rò pé kí àwọn gbé ọkọ̀ sókè, kí àwọn sì fi táyà ńlá sí i. Ó lè ràn yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá ṣe é létòlétò, owó á lọ, ọkọ̀ á ṣì máa há, ó sì lè dojú dé. Nínú ẹ̀kọ́ òní, a ó sọ ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé, ohun tó tẹ̀ lé e, àti ibi tó yẹ kí ẹ dúró sí.

1. Ẹ wọn ọ̀nà, kí ẹ sì wọn ọkọ̀

Ẹ mú ọ̀pá kan. Ẹ fi wọn bí ipa táyà ṣe jìn tó níbi tí ọkọ̀ ti máa ń há. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀pá yẹn wọn ààyè tó wà láàárín ilẹ̀ àti dífúrẹ́ǹṣà, ìyẹn irin rìbìtì tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ jókòó sórí ẹrẹ̀.

Ohun kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Bí ẹ bá fi sípíríǹgì gbé ọkọ̀ sókè, ara ọkọ̀ nìkan ló gòkè. Dífúrẹ́ǹṣà ẹ̀yìn kò kúrò níbi tó wà, nítorí pé àárín táyà ló so mọ́. Táyà tó ga jù ti tẹ́lẹ̀ lọ nìkan ló lè gbé e sókè. Nítorí náà, bí dífúrẹ́ǹṣà ló ń kan ilẹ̀, sípíríǹgì kọ́ ni oògùn rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo lójú ọ̀nà ló ń dá yín dúró, ẹ kọ́kọ́ bá àwọn àgbẹ̀ tó ń gba ọ̀nà náà sọ̀rọ̀. Kí ẹ dáwó jọ, kí ẹ da òkúta àti yangí síbẹ̀, kí ẹ sì la ojú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa dá kò ní tó owó táyà kan.

2. Táyà ló ṣáájú

Bí táyà bá ti pá, gbígbé ọkọ̀ sókè dà bí ẹni tó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Ẹ wo irú eyín táyà tó bá iṣẹ́ yín mu:

• H/T: ọ̀nà ọ̀dà ló dára fún. Ẹrẹ̀ máa ń tètè dí i lójú.
• A/T: ó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀dà àti lórí ilẹ̀ oko. Òun ló bá ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ń gbé ẹrù lọ sọ́jà mu.
• M/T: eyín rẹ̀ tóbi, àlàfo àárín wọn sì fẹ̀, ẹrẹ̀ kì í dúró níbẹ̀ pẹ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń pariwo lórí ọ̀dà, ó sì máa ń tètè jẹ tán níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé inú oko ni ọkọ̀ ti ń lo ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ lè rà á.

Báwo ni ká ṣe ń ka ìwọ̀n táyà? Ká ní táyà yín jẹ́ 225/70R15. 225 ni ìbú rẹ̀ ní mìlímítà. 70 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú 100 ìbú náà. 15 ni ríìmù tó ń wọ̀. Gíga gbogbo táyà náà jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 696. Bí ẹ bá yí i sí 235/75R15, gíga rẹ̀ á di nǹkan bíi mìlímítà 734. Ààbọ̀ ìyàtọ̀ yẹn nìkan ni dífúrẹ́ǹṣà máa fi gòkè, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Kò pọ̀ lójú, ṣùgbọ́n nínú ẹrẹ̀, ó lè jẹ́ òun ló máa yọ yín.

Ẹ má ṣe fò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí táyà bá ṣe ga tó ni ẹ́ńjìnnì, kíláàṣì àti bíréékì ṣe máa ṣiṣẹ́ tó. Míítà yín náà á máa parọ́: pẹ̀lú táyà ti òkè yìí, bó bá sọ pé ẹ ń sáré 100, nǹkan bíi 105 lẹ ń sá.

Ẹ wo nọ́ńbà ẹrù pẹ̀lú. Táyà tí wọ́n kọ 104 sí lára lè gbé kílò 900. 112 lè gbé kílò 1,120. Ẹ má ṣe ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí ti táyà tó bá ọkọ̀ yín wá, bó ti wù kó ga tó. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ C tàbí LT sí; táyà ọkọ̀ ẹrù nìyẹn.

3. Ẹ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀

Táyà tòkunbọ̀ rọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n rọ́bà máa ń gbó bí eyín rẹ̀ tilẹ̀ ṣì pọ̀. Táyà àlòkù bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò gbà kí wọ́n kó wọ̀lú. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí táyà bá ti ń sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí ó wú níbì kan, ẹ fi í sílẹ̀. Táyà tuntun tó jẹ́ ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀ sàn ju tòkunbọ̀ ràgàjì tó lè bẹ́ lábẹ́ ẹrù.

Bí ọkọ̀ yín bá ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí èyí tó wà ní ìpamọ́ sì bá wọn dọ́gba. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀ ń ba ẹ̀rọ tó ń pín agbára sí ẹsẹ̀ jẹ́ nìyẹn.

4. Gbígbé ara ọkọ̀ sókè díẹ̀

Bí táyà tuntun bá ń kan ara ọkọ̀, tàbí abẹ́ ọkọ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ sípíríǹgì tó wà níbẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù kò nílò pé ká gbé wọn sókè. Ẹrù ọdún pípẹ́ ló ti tẹ sípíríǹgì wọn. Ẹ wọn ìgbà tó wà láàárín ríìmù àti etí bọ́dì lókè rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Bí kò bá dọ́gba, sípíríǹgì ti rẹ̀ nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ àti rọ́bà inú rẹ̀ ná, ọkọ̀ á padà sí gíga rẹ̀.

Bó bá ṣì kù díẹ̀:

• Lẹ́yìn, wọ́n lè fi irin pẹlẹbẹ kan kún sípíríǹgì.
• Níwájú, àwọn píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ń lo tọ́ṣọ̀n báà. Mẹkáníìkì lè yí bóòtù rẹ̀ kó gòkè díẹ̀. Owó iṣẹ́ nìkan lẹ máa san.
• Ẹ má ṣe kọjá sẹ̀ǹtímítà 5. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ iwájú, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì àti ṣọ́ọ̀kì á bẹ̀rẹ̀ sí í tètè bàjẹ́.
• Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n fi iná wẹ́dà yọ́ sípíríǹgì tàbí kí wọ́n jó irin mọ́ ọn. Iná á pa agbára rẹ̀, ó sì lè ṣẹ́ lójú eré.

5. Kí ẹ tó gbé ẹrù

Ẹ yí ìdarí dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ wò ó bóyá táyà ń kan ibì kankan. Ẹ wo okùn bíréékì bóyá ó ti le gán-an. Lára ọ̀pọ̀ Hilux, irin kékeré kan wà tó so mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Òun ló ń sọ fún bíréékì bí ẹrù ṣe wúwo tó. Bí ẹ bá gbé ẹ̀yìn sókè láìtún un ṣe, á máa rò pé ọkọ̀ ṣófo, bíréékì ẹ̀yìn kò sì ní mú dáadáa. Ẹ rán mẹkáníìkì létí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe àláìmẹ́ǹtì, kí ẹ sì rẹ iná iwájú sílẹ̀ kó má fọ́ ojú ẹni tó ń bọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: gbígbé ọkọ̀ sókè kò fi kílò kan kún ẹrù tó lè gbé. Bó ṣe ga sí i ni ó ṣe rọrùn kó dojú dé níbi kọ́nà. Kí iṣu tó wúwo wà nísàlẹ̀, kí èèyàn kankan má ṣe jókòó sórí ẹrù.

Ìṣirò yín

Kí ẹ tó náwó, ẹ ka iye ìgbà tí ọkọ̀ há ní òjò tó kọjá. Ká ní ìgbà 6 ni, agbọ̀n 2 sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: agbọ̀n 12 nìyẹn. Ẹ fi owó tirakítọ̀ kún un. Bí iye yẹn fún òjò méjì bá ju owó táyà mẹ́rin lọ, ẹ ra táyà. Bí kò bá tó o, ẹ lọ tún ibi tó ń há ṣe, kí ẹ sì dín ẹrù kù lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí: ẹ mú ọ̀pá, ẹ wọn ọ̀nà, ẹ wọn dífúrẹ́ǹṣà, ẹ sì ka nọ́ńbà DOT táyà yín. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ kí ẹ tó lọ bá mẹkáníìkì.

Ọ̀nà á là o. Ẹ̀ẹ̀rùn kò ní jó yín lẹ́rù, ẹrẹ̀ kò sì ní gbé ọkọ̀ yín mì.